Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọ̀rọ̀ fún Òbí Tí Ọmọ Rẹ̀ Fẹ́ Kọ́ Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn

Ní ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ ìlú Awo àti agbègbè Ẹdẹ bá ń já kòkó, tí wọ́n sì ń sá a sí oòrùn, ní ìgbà náà pẹ̀lú ni orúkọ àwọn ọmọ tí yunifásítì gbà máa ń jáde. Àpò kòkó àti ìwé ìgbaniwọlé a máa wọ ilé kan náà ní àkókò kan náà, kì í sì í pẹ́ tí èkínní fi ń jáde nílé nítorí èkejì. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí á bá ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí sí etí òbí yín, sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ kan tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń fẹ́, tí ìwọ̀nba ènìyàn sì mọ ìdí rẹ̀, èyí ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní yunifásítì.

Ẹ jẹ́ kí á fi bàbá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní oko ní ẹ̀bá Awo, ó sì ní ọmọbìnrin kan tí ó mọ̀wé. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń sọ pé dókítà ni òun yóò ṣe, gbogbo àdúgbò sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tí ìwé dé, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

“Bàbá mi, wọ́n ti gbà mí o.”

“A dúpẹ́, ọmọ mi. Iṣẹ́ dókítà náà ni?”

“Rárá, sà. Fisiọ́lọ́jì ni wọ́n fún mi.”

“Kí ni à ń pè bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀kọ́ nípa bí ara ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni, sà. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn náà ni ó wà.”

“Bí ó bá ti jẹ́ ti ìṣègùn, kò burú. N ó ta ilẹ̀ ìsàlẹ̀ odò.”

Ọmọ náà kò purọ́, bàbá náà kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Síbẹ̀ ilẹ̀ ti fẹ́ lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ọmọ yìí yóò gba oyè rẹ̀, yóò mú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ tọ ilé-ìwòsàn lọ láti wá iṣẹ́, wọn yóò sì bi í pé, “Ìwé àṣẹ rẹ dà?” Kò ní mọ èsì tí yóò fọ̀. Ìwé-ẹ̀rí ni yunifásítì fún un. Ìwé àṣẹ láti tọ́jú aláìsàn kò sí nínú ohun tí ó lọ kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ṣèlérí rẹ̀ fún un, àfi àwọn aládùúgbò tí ń pè é ní dókítà.

Ohun tí ó fa àṣìṣe yìí kò ṣòro láti rí. Nínú àwọn yunifásítì ńlá, apá kan wà tí wọ́n ń pè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera. Níbẹ̀ ni àwọn tí yóò di dókítà, àwọn tí yóò di nọ́ọ̀sì, àwọn tí yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àti àwọn mìíràn pẹ̀lú, ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún kìíní, gbogbo wọn lè jókòó nínú yàrá kan, kí wọ́n sì máa gbọ́ físíìsì, kẹ́mísìrì àti bàọ́lọ́jì lẹ́nu olùkọ́ kan náà. Gbogbo wọn ni yóò wọ ẹ̀wù funfun. Ẹni tí ó bá pàdé wọn lọ́nà kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá wọ oko wa tí ó rí iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo, kò ní sọ pé iṣu ni gbogbo wọn nítorí pé ebè kan náà ni wọ́n wà. Ìgbà ìkórè wọn kò dọ́gba, ọjà tí a ó gbé wọn lọ kò sì rí bákan náà.

Ẹ̀kọ́ dókítà ni ó gùn jù nínú wọn. Ọdún mẹ́fà ni ní Nàìjíríà fún ọmọ tí ó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ girama wọlé. Kí ó tó lè wọlé rárá, ó gbọ́dọ̀ yege dáradára nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísìrì àti bàọ́lọ́jì. Nínú ìdánwò JAMB, Gẹ̀ẹ́sì àti ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta náà ni yóò ṣe. Ọmọ tí ó ti fi físíìsì sílẹ̀ ní ìpele kejì ilé-ẹ̀kọ́ girama nítorí pé olùkọ́ kò sí, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ láìmọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe dúró di ọdún ìdánwò kí ẹ tó béèrè bóyá olùkọ́ físíìsì wà.

Lẹ́yìn ọdún kìíní, ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ni ó di ìwé. Wọ́n a máa tú òkú sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n lè mọ orúkọ àti ipò egungun, iṣan àti ìfun gbogbo. Wọ́n a máa kọ́ bí ọkàn ti ń gbá ẹ̀jẹ̀ kiri àti bí kíndìnrín ti ń sẹ́ ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀rù òkú bá ń bà, ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ èyí kí ó tó lọ. Ní òpin apá yìí ni ìdánwò ńlá kan wà tí ó dàbí ajọ̀; kì í ṣe gbogbo ìyẹ̀fun ni ó ń gba inú rẹ̀ kọjá, ọmọ tí ó bá sì kùnà léraléra, wọ́n a máa darí rẹ̀ sí ẹ̀kọ́ mìíràn. Àwọn tí ó bá kọjá yóò kọ́ nípa àrùn àti oògùn, wọn yóò sì wọ inú ilé-ìwòsàn lọ máa tẹ̀lé àwọn àgbà dókítà káàkiri ibùsùn àwọn aláìsàn: iṣẹ́ abẹ, ìtọ́jú aboyún, ìtọ́jú ọmọdé, àti ìlera àwọn ará ìgbèríko. Lẹ́yìn ọdún kẹfà wọn yóò búra. Síbẹ̀ kò tíì parí. Ọdún kan gbáko ni dókítà tuntun yóò fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú àwọn àgbà ní ilé-ìwòsàn kí ìgbìmọ̀ tí ń jẹ́ Medical and Dental Council of Nigeria tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn náà ni yóò lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ọdún kan. Ẹ ka ọdún wọ̀nyí lórí ìka yín. Mẹ́jọ ni, bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́wọ́.

Ohun sì máa ń dí i lọ́wọ́. Ní ọdún 2020, àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba ti ṣíwọ́ iṣẹ́ láti oṣù kẹta títí di òpin ọdún. Ní 2022, wọ́n tún ṣíwọ́ fún oṣù mẹ́jọ. Ẹni tí ó bá ń ṣírò owó ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé ọdún mẹ́fà kò ní di méje, ó dàbí àgbẹ̀ tí kò retí ọ̀dá.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí tẹ̀ lé e, nítorí pé a ti gbọ́ tí àwọn òbí ń sọ pé, “Bí kò bá lè ṣe dókítà, kí ó lọ ṣe nọ́ọ̀sì,” bí ẹni pé èyí kejì jẹ́ èérún tí ó já bọ́ láti orí tábìlì. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ wa nínú. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì. Ọ̀nà àtijọ́ sì tún wà, ti ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí ó wà lábẹ́ ilé-ìwòsàn, níbi tí àwọn ìyá yín pàápàá ti kọ́ iṣẹ́ náà. Èyíkéyìí tí ọmọ bá gbà, ìgbìmọ̀ Nursing and Midwifery Council of Nigeria ni yóò ṣe ìdánwò àṣẹ fún un tí yóò sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé iṣẹ́ yìí kéré, kí ó gbọ́ ti Kofoworola Abeni Pratt. Ọmọ Èkó ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò fẹ́ ẹ nítorí ipò tí àwọn òyìnbó fi àwọn obìnrin wa sí nínú ilé-ìwòsàn ìjọba nígbà náà, nítorí náà ó kọ́kọ́ ṣe olùkọ́. Nígbà tí ó ti di ìyàwó ilé ni ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní ilé-ìwòsàn St Thomas’ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1946. Ó padà wálé, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó ṣe olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé-ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, èyí tí a ṣí ní 1957. Ní ọdún 1965, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ olóyè. Ọwọ́ obìnrin yìí wà nínú rẹ̀.

Nítòsí wa, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀rí mìíràn tún wà. Dókítà David Morley, òyìnbó kan tí ó wá sí ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956, rí i pé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń kú nítorí ohun tí ìbá ṣeé dá dúró bí a bá tètè rí i: oúnjẹ tí kò tó, àrùn èéyi, ìgbẹ́ gbuuru, ibà. Dókítà kan kò lè yẹ gbogbo ọmọ wò. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, àwọn nọ́ọ̀sì ni ó gbé iṣẹ́ náà ró. Wọ́n ń wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n, wọ́n ń fi àmì ìwọ̀n rẹ̀ sórí páálí kan tí ìyá rẹ̀ yóò máa tọ́jú lọ́wọ́, bí ìlà orí páálí náà bá sì ti ń wálẹ̀ dípò kí ó máa gòkè, wọ́n ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọmọ kí ara rẹ̀ tó gbóná. Páálí yẹn ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé gbà lò lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá gbé ọmọ yín lọ sí ibi ìtọ́jú ọmọdé ní Awo lónìí tí wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n, ẹ rántí pé ọ̀nà yìí kò ti ibi jíjìn wá sọ́dọ̀ wa.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á dé orí iṣẹ́ tí a kò mọ iyì rẹ̀ rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà wa ni ó wà. Èyí ni iṣẹ́ àwọn tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀, itọ̀, ìgbẹ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò ní yàrá àyẹ̀wò. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ wọn ní yunifásítì, àwọn pẹ̀lú sì ní ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ wọn sílẹ̀, Medical Laboratory Science Council of Nigeria. Àwọn aláìsàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí wọn. Ẹ fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé ìgò kékeré kọjá lójú fèrèsé, ẹ sì padà wá gba ìwé pélébé. Ṣùgbọ́n ìwé pélébé náà ni ó ń sọ fún dókítà bóyá ibà lásán ni tàbí ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Òun ni ó ń sọ fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí ó fẹ́ fẹ́ ara wọn bóyá ọmọ wọn lè bá àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wáyé. Bí ìwé náà bá ṣì sọ, oògùn tí kò yẹ ni aláìsàn yóò mu.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje, ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan ti Làìbéríà gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú àìsàn lára. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh, tí ó jẹ́ àgbà ní ilé-ìwòsàn tí wọ́n gbé ọkùnrin náà lọ, fura pé Ebola ni, kò sì jẹ́ kí ó jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fi agbára béèrè pé kí a tú u sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà ni wọ́n gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó, àti sọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti Yunifásítì Redeemer’s, yunifásítì kan náà tí ó wà ní Ẹdẹ níhìn-ín. Àwọn ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ebola ni lóòótọ́. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti lè wá gbogbo ẹni tí ó fara kan aláìsàn náà kiri, ilé dé ilé. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, ènìyàn 8 ni ó sì pa. Dókítà Adadevoh wà nínú wọn. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní ilẹ̀ wa. Ẹ̀yin tí ẹ rántí bí Làìbéríà àti Sàró ti rí nígbà náà, ẹ mọ ohun tí ìbá dé bá Èkó.

Nígbà tí kòrónà dé, tí a rí aláìsàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020, ilé iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Happi ń darí ní Ẹdẹ náà ni wọ́n mú kòkòrò àrùn rẹ̀ lọ. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ka gbogbo àmì tí ó wà nínú kòkòrò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àmì wọ̀nyí dàbí ilà ojú: ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà yóò sọ ìdílé tí kòkòrò ti wá àti ọ̀nà tí ó gbà wọ ìlú. Èyí ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Láti Awo sí Ẹdẹ kò jìnnà. Ọmọ wa lè jẹun àárọ̀ nílé kí ó sì dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Síbẹ̀, bí a bá bi ọmọ 10 ní ilé-ẹ̀kọ́ girama wa ohun tí wọn yóò ṣe, a kò rò pé ọ̀kan yóò dárúkọ yàrá àyẹ̀wò.

Níwọ̀n bí àgbẹ̀ ti pọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí á fi èyí kún un. Ilé iṣẹ́ ìwádìí yìí kan náà ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lórí ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní ìlú Lassa ní ìhà àríwá ní ọdún 1969. Eku ni ó ń gbé e. Itọ̀ àti ìgbẹ́ eku a máa kán sí oúnjẹ, ènìyàn a sì jẹ ẹ́. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń kìlọ̀ pé kí á má ṣe sá gàárì tàbí èlùbọ́ sí ẹ̀bá títì àti orí ilẹ̀ lásán, kí á kó o sínú ohun tí ó ní ọmọrí, kí á sì yé fi ọwọ́ lásán pa eku tàbí kun ún. Ẹni tí ó fi ìdí èyí múlẹ̀ kò jókòó ti aláìsàn rí, bóyá; orí ìgò kékeré ni ó tẹrí sí.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn wà tí a kò ní pẹ́ lórí wọn: apoògùn, tí ó mọ bí oògùn ti ń bá ara àti oògùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà, ẹni tí ń fi ìtànṣán ya àwòrán egungun, ẹni tí ń mú kí ẹsẹ̀ tí ó rọ tún máa rìn, ẹni tí ń wo ojú. Gbogbo wọn ni ó ní ìgbìmọ̀ tiwọn àti ìwé àṣẹ tiwọn. Fún ọmọ tí owó ilé rẹ̀ kò tó yunifásítì, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Iléṣà, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ẹ ń bá pàdé ní àwọn ibi ìtọ́jú kéékèèké ní abúlé.

Àwọn ẹ̀kọ́ tí kò ní ìwé àṣẹ ìtọ́jú ni fisiọ́lọ́jì, anátómì, èyí tí í ṣe ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, àti bàókẹ́mísìrì. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń gbà. A kò sọ pé wọn kò dára. Láìsí wọn, ta ni yóò kọ́ àwọn dókítà ọ̀la ní ọdún kejì wọn? Ẹni tí ó bá fẹ́ di olùkọ́ yunifásítì tàbí olùwádìí, ibẹ̀ gan-an ni kí ó lọ, kí ó sì mọ̀ pé oyè kejì àti ìkẹta ń dúró dè é níwájú. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ó mọ̀ kí ó tó wọlé, kí bàbá rẹ̀ náà sì mọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀nà tààrà nìkan ni ó ń gbé ènìyàn dé ibi gíga. Oguntola Sapara, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí ní Freetown ní 1861, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ó kọ́kọ́ kọ́. Ó kúrò níbẹ̀, ó di ẹni tí ń po oògùn ní ilé-ìwòsàn ìjọba, lẹ́yìn náà ni ó ré òkun lọ kọ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland. Nígbà tí ó padà tí ó sì di dókítà ìjọba ní Èkó, ó dá ẹ̀mí ara rẹ̀ lówó láti wọ inú ẹgbẹ́ àwọn abọ Ṣọ̀pọ̀ná, nítorí ó fura pé àwọn kan nínú wọn ni ń tan ìgbóná kálẹ̀, ó sì jẹ́rìí sí ohun tí ó rí. Ọdún tí ó lò nídìí oògùn kò ṣòfò.

Ó kù kí á sọ ti owó àti ti ìwé. Ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ti ka iye ọmọ tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà sí ẹ̀kọ́ yìí lọ́dún, àwọn ìgbìmọ̀ mìíràn náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí yunifásítì bá gbà ju iye náà lọ, tàbí bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tí ìgbìmọ̀ kò tíì fọwọ́ sí, àwọn ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀: wọn yóò parí ẹ̀kọ́, wọn kò sì ní rí ibi búra. A mọ òbí kan tí èyí ṣẹlẹ̀ sí ọmọ rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni ọmọ náà fi jókòó sílé tí ó ń dúró. Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ béèrè ohun mẹ́ta, ẹ má sì tijú. Ẹ béèrè bóyá àjọ tí ń bójú tó yunifásítì, NUC, ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà. Ẹ béèrè bóyá ìgbìmọ̀ iṣẹ́ náà ti fọwọ́ sí i, àti iye ọmọ tí ó gbà wọ́n láàyè. Ẹ sì béèrè ìwé àṣẹ tí ọmọ yóò gbà ní ìgbẹ̀yìn àti orúkọ ẹni tí yóò fún un. Ìgbìmọ̀ wọ̀nyí máa ń fi orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí síta fún gbogbo ènìyàn. Ọmọ tí ó ní fóònù lè kà á fún yín lórí ìjókòó. Olùkọ́wèé yunifásítì tí ó bá ń yí ọ̀rọ̀ padà nígbà tí ẹ bá béèrè wọ̀nyí, ó ti dá yín lóhùn.

Ní ti owó, ẹ má ṣe ta ilẹ̀ ní ọdún kìíní. Ẹ ta èso ilẹ̀. Láti ọdún 2024 ni owó-yá tí kò ní èlé ti wà láti ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba, èyí tí wọ́n ń pè ní NELFUND. Ilé-ẹ̀kọ́ gan-an ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ náà fún. Kò kan àwọn tí ó wà ní yunifásítì aládàáni. Kí orúkọ ọmọ tí ó wà nínú ìwé-ẹ̀rí ìbí, ti ìdánwò, ti JAMB àti ti ilé ìfowópamọ́ bára mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ọmọ tí ń jẹ́ Àjọkẹ́ níbì kan tí ó sì ń jẹ́ Àjíkẹ́ níbòmíràn yóò lo oṣù mélòó kan ní ọ́fíìsì.

Àwọn kan yóò sọ pé, “Kí ni a ó ti ṣe wàhálà tó yìí, ṣebí òkè òkun ni wọ́n ń sá lọ?” Òótọ́ ni pé púpọ̀ nínú àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wa ti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ibòmíràn. A kò lè bú ọmọ tí ó lọ síbi tí owó rẹ̀ ti pé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kù nílé, tí ó ń gbẹ̀bí ní òru ní abúlé tí kò sí iná, òun ni a ń bá gbé, òun ni ó sì yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ wá ilé fún kí ó tó béèrè.

Ní ti bàbá tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bí kò bá tíì gba owó ilẹ̀, kí ó dúró. Kí ó pe ọmọ rẹ̀, kí ó bi í bóyá ara ènìyàn ni ó fẹ́ láti mọ̀ ni tàbí aláìsàn ni ó fẹ́ láti tọ́jú, nítorí pé ìfẹ́ méjèèjì yìí yàtọ̀. Bí ti aláìsàn bá ni, ó lè tún ìdánwò JAMB ṣe ní ọdún tí ń bọ̀, kí ó sì yan nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò pẹ̀lú ìṣègùn. Bí ó bá sì ti wọlé kí wọ́n tó mọ̀, tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ odò sì ti lọ, kí ó jókòó ti ìwé rẹ̀ kí ó gba oyè tí ó ga. Àwọn yunifásítì kan a máa gba irú wọn sí ọdún kejì ẹ̀kọ́ dókítà. Ọdún márùn-ún mìíràn ni láti ibẹ̀ títí di ọjọ́ ìbúra, kí bàbá náà sì kà á lójú ọmọ rẹ̀ kí àwọn méjèèjì tó fọwọ́ sí i.